Ẹ̀rín Ọ̀wọ̀

Ó ti rẹ Ok Mi-ran kí wọ́n tó tan kámẹ́rà rárá. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ṣe aláwàdà ní Seoul. Eré ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ti kógbá sílé, ohun tó sì kù fún un ni kó máa dá àwọn arúgbó lára yá níbi ọjọ́ ìbí, tàbí kó máa jó níwájú ṣọ́ọ̀bù fóònù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù kímbáàpù ní Incheon. Àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe kò lọ́jú pọ̀: bó bá jẹ́ Mi-ran ni wọ́n kọ́kọ́ lé nínú ìdíje yìí, kó gbàgbé àwàdà, kó wá máa fi ewé òkun yí ìrẹsì níbẹ̀.

Ìdíje ọ̀hún rọrùn lẹ́nu. Aláwàdà mẹ́jọ ni wọ́n tì mọ́ yàrá kan. Kálukú á máa wá bó ṣe máa pa àwọn yòókù lẹ́rìn-ín. Fèrè á dún fún ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, á bá tirẹ̀ lọ, ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló borí. Mi-ran ò bẹ̀rù. Ta ló kù láyé tó lè pa òun lẹ́rìn-ín? Kò rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín dénú kẹ́yìn. Ó jókòó sórí tìmùtìmù, ojú rẹ̀ gbẹ bí ẹja yíyan, ó ń wo bí àwọn èwe ṣe ń ki ẹ̀wà bọ imú, ó sì ń rò ó pé àfàìmọ̀ kóun má borí.

Ìgbà náà ni Pyo Deok-su dìde.

Deok-su ṣáájú rẹ̀ wọṣẹ́. Láàárín àwọn aláwàdà, ọdún tó o wọlé ni ipò rẹ. Ẹni tó fi ọdún kan péré ṣáájú rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni títí ayé. Nígbà tí Mi-ran ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n máa ń tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n bá ń dán eré wò. Ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín, ebi ni yóò pa á mọ́bẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun. Bí Mi-ran ṣe kọ́ ẹ̀rín nìyẹn, bí ọmọ ogun ṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá.

Deok-su bọ́ bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó gbé e sétí bíi fóònù. "Ẹ ń lẹ́ o, màmá ìyàwó mi! Ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá kí wa? Háà, mi ò gbọ́ yín o, màmá, bàtà yìí ti ń jò!"

Bàtà kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Deok-su gbójú sókè, ó wo Mi-ran.

"Ha-ha-ha!"

Ẹnu Mi-ran ni. Kò rò ó, kò gbèrò rẹ̀. Ó ti di bárakú. Kó tó bo ẹnu, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, fèrè ti dún.

Adájọ́ wọlé. "Àǹtí, ẹ dúró ná. Ẹnu yín rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ojú yín ò bá a lọ. Ẹ̀rín òótọ́ nìkan la fi ń léèyàn níbí. Ṣé ó pa yín lẹ́rìn-ín ni, àbí ẹ kàn ń bọ̀wọ̀ fún wọn?"

Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Bó bá ní ọ̀wọ̀ ni, á ṣì wà nínú ìdíje, ṣùgbọ́n gbogbo Kòríà ló máa mọ̀ pé Deok-su ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín rí. Deok-su náà ò sì níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.

"Ó pa mí lẹ́rìn-ín," Mi-ran fèsì, ó sì ti ń wá báàgì rẹ̀.

"Irọ́ ni," Deok-su wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́..."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú bàbá mi, o rẹ́rìn-ín." Ojú rẹ̀ le koko. "Lọ́jọ́ tí mo sọ fún yín pé ìyàwó mi ti kó jáde ńlé, ìwọ lo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. O tún pàtẹ́wọ́." Ó wo bàtà, ó mí kanlẹ̀, ó dá a padà sétí. "Ẹ gbọ́ ọ, màmá? Láti ọjọ́ náà ni mo ti rò pé mo mọ àwàdà ṣe. Ọmọ yìí ló tàn mí jẹ."

Mi-ran rántí pé lóòótọ́ lòun pàtẹ́wọ́. Ó gé ètè jẹ, ó di ikùn mú, ó wojú àjà. Kò ràn án. Ẹ̀rín ya bò ó, ó gbé e ṣubú lórí tìmùtìmù, omijé ń dà lójú rẹ̀. Fèrè tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí, adájọ́ ò béèrè nǹkan kan.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba fún wọn bí ìṣe wọn. Deok-su, tí kò tẹrí ba fún àbúrò rí, dìde, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́, ó tẹrí ba fún un títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Mi-ran pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Incheon. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ lé. Ẹ máa gbé ìrẹsì kaná."

"Ó mà ṣe o. Ta ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Pyo Deok-su."

"Deok-su oníbàtà yẹn? Irọ́ lò ń pa!"

Mi-ran fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti tún rẹ̀ ẹ́, kò sì bá a jiyàn.