Ọmọ Mi Kì Í Ṣe Apànìyàn

Wọ́n ní ọmọ mi ló ń pa èèyàn ní ìkóríta wa. Ọmọ mi, Kai-ting, tó ti kú láti ọdún tó kọjá, tí mo fọwọ́ ara mi wọ aṣọ fún kí wọ́n tó gbé e lọ sun! Òun ni wọ́n ní ó ń fa èèyàn sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀!

Olórí àdúgbò wa, Ọ̀gbẹ́ni Tsai, ló wá sọ ọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún aṣọ rán. Ó gbé èso dání, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó fún ọmọ ẹ̀.

"Ìyá Kai-ting, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Bàbá Chiu tí ọkọ̀ pa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibi tí ọmọ yín kú sí gan-an lòun náà kú sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí ọkọ̀ bá pa sójú títì, ẹ̀mí ẹ̀ ò ní lè kúrò níbẹ̀, àfi tó bá rí ẹlòmíì fi rọ́pò ara ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti dáwó. A máa pe àwòrò wá ṣètùtù, a ó sì ri òkúta tí wọ́n kọ orúkọ Búdà sí mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ẹ̀ lẹ máa wá pè é wálé."

"Ẹ tún un sọ kó yé mi. Ta ló pa Bàbá Chiu?"

"Háà, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ báyẹn..."

"Ọkọ̀ tó kó òkúta wẹ́wẹ́ ló pa á! Kí ló gbé arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn dé ojú títì? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́?"

Èso tó gbé wá ni Tsai ń wò.

Gbogbo ilé àdúgbò wa ní ìlú Chiayi níbí ló ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú. Òrùlé bò ó, ó so kọ́ra wọn láti òpin kan dé èkejì. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà, kí òjò má pa á, kí oòrùn má pa á, kí ọkọ̀ má sì pa á. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìwà èèyàn! Kálukú ti sọ iwájú ilé tiẹ̀ di yàrá. Piao tó ń tún alùpùpù ṣe to alùpùpù kún ibẹ̀ títí kan ògiri. Ìyáàfin Lo tó ń ta tíì oníyìnyín gbé fìríìjì méjì síta ní ìkóríta, ó tún to àga yí i ká. Tsai fúnra ẹ̀, olórí wa, mọ́tò ẹ̀ ló ń sùn nínú tiẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ á rìn díẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, á tún gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀, láàárín ọkọ̀ akẹ́rù àti àwọn alùpùpù tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Bí ọmọ mi ṣe kú nìyẹn. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ nítorí fìríìjì Ìyáàfin Lo, ọkọ̀ gbá a. Mo pariwo pé kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí ohùn mi fi há. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, pé ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ìgbà tí Bàbá Chiu wá kú, wọ́n ní ọmọ mi ló pa á! Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ó ṣe mí bíi kí n ju èso ẹ̀ lù ú. Orúkọ rere ọmọ mi nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi láyé, òun náà ni wọ́n tún fẹ́ bà jẹ́. Tí mo bá lọ síbi ètùtù wọn, mo ti gbà pé òun ni. Tí mi ò bá lọ, wọ́n á ṣe é láìsí mi, wọ́n á sì máa pè é ní apànìyàn títí ayé.

Mo rò ó, mo tún un rò.

"Mo máa wá," mo ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pe òkú wálé, ṣebí ọ̀nà tí òkú gbà ló gbọ́dọ̀ tọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni!" Inú Tsai dùn.

"Ó dáa. Ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tó di ọjọ́ náà, èrò pé. Àwòrò wọ aṣọ pupa, ó mú agogo kékeré lọ́wọ́. Wọ́n fún mi ní ọparun eléwé tí aṣọ funfun rọ̀ mọ́, èyí tí wọ́n fi ń pe ẹ̀mí òkú, mo sì fi ẹ̀wù Kai-ting kọ́ apá. Tsai ní òun ti bá àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́, wọ́n máa bá wa dí títì.

"Rárá o," mo ní. "Ṣé wọ́n dí i fún òun ni?"

Wọ́n wojú àwòrò. Bàbá náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ìyá ọmọ ló lọ̀rọ̀."

La bá gbéra. A ò tíì rìn jìnnà tí a fi kan alùpùpù Piao. Mo dúró, mo na ọparun sókè, mo kígbe:

"Kai-ting o! Ibí ni alùpùpù Piao ti lé ẹ sójú títì! Wálé, ọmọ mi!"

Piao sáré jáde, ọwọ́ ẹ̀ kún fún gíríìsì. "Ìyá Kai-ting, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ẹ má pè é síbí! Tó bá wọlé wá jókòó tì mí ńkọ́?"

"Ibí ló gbà. Àbí ó fò kọjá lórí alùpùpù ẹ ni?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé mi. Ọkọ̀ akẹ́rù kan fọn fèrè mọ́ wa nídìí, ló bá di bó-ò-lọ-o-yà-mí. Tùràrí bọ́ lọ́wọ́ Tsai. Àwòrò pàápàá fò mọ́ ara alùpùpù.

"Kí lẹ̀ ń sá fún?" mo bi wọ́n. "Ṣebí ọmọ mi lẹ ní ó ń pa èèyàn? Òun ni mo ń pè yìí. Kí ló wá kàn yín pẹ̀lú mọ́tò?"

Wọ́n tún tò sẹ́yìn mi.

Mo dé iwájú ilé Tsai, mo pe ọmọ mi síbẹ̀ pẹ̀lú, mo sì dárúkọ mọ́tò àti ẹni tó ni ín. Ìyàwó ẹ̀ ń yọjú lójú fèrèsé, ó ń pariwo pé, "Tsai, ṣé o ò ní gbé mọ́tò ẹ kúrò ni? Àbí o fẹ́ kí òkú máa bá wa gbélé?" Olórí àdúgbò ti ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Nígbà tí a dé ìkóríta, Ìyáàfin Lo ti dúró níwájú fìríìjì ẹ̀, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín. Ẹ má pè é níbí. Kò sẹ́ni tó máa ra tíì lọ́wọ́ mi mọ́."

Àánú ẹ̀ ò ṣe mí rárá. "Ọ̀dọ̀ ẹ ló ti máa ń ra tíì. Àǹtí ló ń pè ẹ́. O mọ bó ṣe ń fẹ́ ṣúgà ẹ̀, àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

Ó bojú. "Díẹ̀ báyìí ló máa ń fẹ́," ó ní.

Mo pe ọmọ mi níbẹ̀. Mo pè é, mo pè é, títí ohùn mi fi pin, tí mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyáàfin Lo ti yọ wáyà fìríìjì, ó ń fi èjìká tì í wọlé. Ó wúwo jù fún un. Piao ló wá ràn án lọ́wọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti mọ́ láti òpin dé òpin. Tsai tún wá bá mi, ó ń fọwọ́ pawọ́. "Ẹ rí i, Ìyá Kai-ting? Ètùtù ti ṣiṣẹ́. Ọkàn ọmọ ti balẹ̀."

"Ẹ panu yín mọ́!" mo ní. "Ẹ ri òkúta yín tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá rí táyà kan ṣoṣo nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà ẹni tó gbé e síbẹ̀ ni màá ti wá pe ọmọ mi."

Láti ìgbà yẹn, àwọn arúgbó ń rìn lábẹ́ òrùlé, ọkọ̀ ò sì tíì gbá ẹnikẹ́ni. Piao dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó gbé alùpùpù kan síta. Mo lọ dúró níwájú ẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lanu ni, ó ti wọ́ ọ wọlé. Àwọn èèyàn ń kí mi pé mo ṣe é. Inú mi ò dùn. Ẹ̀rù òkú ló ń bà wọ́n. Nígbà tí ọmọ mi wà láàyè, tó ń kí wọn láràárọ̀, kò sí ìkankan nínú wọn tó sún táyà kan fún un.