Àbẹ́là Tó Kú Lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́bọ̀ ni ìwé ìròyìn àdúgbò máa ń jáde, ojú-ìwé kẹfà sì ni ti ọtí. Obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ahọ́n Ìlú ló ń kọ ọ́: ta ló ń pọn kí ni, ta ló ra táǹkì tuntun, ibo ni wọn yóò ti tọ́ ọtí wò lọ́jọ́ Sátidé, aago mélòó. Ẹnu rẹ̀ mú. Tó bá fi lè kọ ọ́ pé ọtí rẹ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan kọ́ọ̀pù, kí o yáa lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń sọ yìí, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìpọntí rẹ̀, ó ṣí ojú-ìwé kẹfà, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ tiwọn ló wà lókè pátápátá.

“Lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́,” bẹ́ẹ̀ ni Ahọ́n Ìlú kọ ọ́, “ilé-ìpọntí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yóò tún ṣílẹ̀kùn fún ìtọ́wò, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan tí àbúrò ti kú. Ìwúkàrà tí àbúrò fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ni ìyàwó rẹ̀ fi pọn ọtí náà. Mo ti yọ́ tọ́ díẹ̀ wò lẹ́nu táǹkì. Èèpo búrẹ́dì wà níbẹ̀, èèpo ọsàn wà níbẹ̀. Tí ẹ bá wá gbé e mì tán, ẹ ó gbọ́ òórùn àbẹ́là tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. N kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ wá gbọ́ ọ fúnra yín.”

Ẹ̀gbọ́n ka ibi àbẹ́là yẹn, ó tún un kà. Ó bojú wẹ̀yìn wo táǹkì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí òórùn àbẹ́là fi lè dẹ́rù ba àgbàlagbà. Nígbà tí ìwúkàrà bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọtí, ó máa ń mí, èémí rẹ̀ sì wúwo. Tí wọ́n bá fa ọtí jáde tán, èémí yẹn á ṣì jókòó sísàlẹ̀ táǹkì. Kò ní àwọ̀, ẹni tó bá sì wọ inú rẹ̀ kì í pẹ́ ṣubú. Nítorí náà, kí apọntí tó wọ táǹkì lọ fọ̀ ọ́, á so àbẹ́là mọ́ wáyà, á tàn án, á sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ẹnu táǹkì. Tó bá ń jó, wọlé. Tó bá kú, dúró síta kí o ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé, ìbáà gba ìdajì ọjọ́. Kò sí apọntí tí kò mọ èyí.

Ọdún kan sẹ́yìn, ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ẹ̀gbọ́n ló di wáyà náà mú. Ọ̀la ni ìtọ́wò, Ahọ́n Ìlú ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì nílò táǹkì yẹn. Àbẹ́là sọ̀kalẹ̀, ó kú. Ẹ̀gbọ́n ní fèrèsé ló ṣí sílẹ̀. Ó tì í, ó tún àbẹ́là tàn, ó tún kú. Àbúrò dúró lórí àkàsọ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kò lè rí inú táǹkì láti ibi tó wà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n máa lọ?” Ẹ̀gbọ́n wo aago, ó sì dá a lóhùn pé, “Atẹ́gùn lásán ni. Wọlé.” Àbúrò wọlé. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀ nìyí: “Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tan àbẹ́là, ó sì jó dáadáa. Bóyá ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀.” Ohun tó sọ fún àwọn agbófinró náà nìyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà gbà á gbọ́. Ó ń pè é ní bọ̀dá títí di òní, ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ wá fún un. Tó bá mọ òtítọ́, Ẹ̀gbọ́n kò ní ní ẹbí kankan mọ́ láyé.

Ó ká ìwé ìròyìn náà, ó lọ bá ìyàwó àbúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ ọkà. Ìyẹ̀fun ti sọ irun obìnrin náà di funfun bí ewú.

“Ìyàwó, ọtí yẹn ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká dà á nù.”

Obìnrin náà pa ẹ̀rọ. “Ó bàjẹ́ báwo, bọ̀dá mi? Ṣé ẹ tọ́ ọ wò ni?”

“Ó wà nínú ìwé ìròyìn. Àbẹ́là! Ta ló ń mu àbẹ́là?”

“Èmi náà gbọ́ òórùn yẹn,” ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Mo rò pé ìbànújẹ́ ni, n kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Àfìgbà tí Ahọ́n Ìlú gbé kọ́ọ̀pù sẹ́nu tó sọ ọ́ jáde. Bọ̀dá, ìwúkàrà ọkọ mi ni. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ṣì ń mí lára ohun tó fi sílẹ̀ nìyẹn. N kò lè dà á nù. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ sọ ohun tí ẹ bá gbọ́ fún mi.”

“Inú ń run mí,” Ẹ̀gbọ́n wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú rírun yẹn dáadáa. Ó ti pé ọdún kan tó ti ń run ún, ìgbà tí wọ́n bá gbé ọtí tiwọn síwájú rẹ̀ nìkan ló sì máa ń run ún. Ata kì í run ún. Ẹran díndín kì í run ún. Apọntí tí kò fẹnu kan ọtí ara rẹ̀ láti ọdún kan, tí kò sí ẹni tó fura sí i!

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ń wá ibi tí òórùn náà ti ń wá bí ẹni ń wá ibi tí òrùlé ti ń jò. Ó tú gbogbo páìpù, ó fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n. Ó fọ kọ́ọ̀pù méjìdínlógún tí wọn yóò lò. Ó kó gbogbo àbẹ́là tó wà nínú dúrọ́ọ̀ dà nù, títí kan kékeré tó ṣì so mọ́ wáyà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, èyí tí kò lè fọwọ́ kàn láti ọjọ́ yẹn. Ó dúró lójú pópó títí ọkọ̀ akólẹ̀ fi gbé e lọ. Ó wá padà wọlé, ó bu ọtí díẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù, ó sì gbé e súnmọ́ imú. Búrẹ́dì. Ọsàn. Kò sí àbẹ́là níbẹ̀ rárá. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mu ún.

Aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé pé, oòrùn ṣì ń wọ inú ilé láti ojú fèrèsé, ènìyàn méjìdínlógún sì jókòó yí tábìlì gígùn ká. Àbúrò ló dá àṣà ìtọ́wò wọn sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí gbogbo ènìyàn yóò fi kọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu sínú páálí kékeré, láìkọ orúkọ. Wọn á da páálí pọ̀, ẹnì kan á sì máa kà á sókè. Ó ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnu Ahọ́n Ìlú ni gbogbo wọn á máa tẹ̀ lé. Ahọ́n Ìlú pàápàá ti rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà.

Wọ́n mu. Kò sí ohùn kankan bí kò ṣe ti pẹ́ńsùlù. Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn ti táǹkì, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti gbé e mì, wọn á fajú ro díẹ̀, bí ẹni tí ilẹ̀kùn dún lẹ́yìn rẹ̀. Wọn á sì tẹrí ba, wọn á kọ̀wé.

Ìyàwó àbúrò kó páálí jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. “Búrẹ́dì, ọsàn, àbẹ́là.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọsàn díẹ̀, àbẹ́là púpọ̀.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ń sọ fún ara rẹ̀ pé ojú-ìwé kẹfà ni gbogbo wọn kà, ohun tí wọ́n kà ni wọ́n ń mu, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Àbẹ́là kú,” obìnrin náà kà, “wọ́n tún un tàn, ó tún kú.”

Ẹ̀rín dín kù. Èyí kò sí nínú ìwé ìròyìn.

Ó ṣí òmíràn. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ òórùn àbẹ́là náà.” Ó ṣí òmíràn. “Àbẹ́là méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.” Òmíràn. “Ẹ̀ẹ̀mejì.” Òmíràn. “Ẹ̀ẹ̀mejì.” Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ènìyàn ń wo ara wọn, olúkúlùkù rò pé òun nìkan ló kọ ọ́. Ó ku páálí kan ṣoṣo. Obìnrin náà ṣí i, ó fojú kà á, ó tún gbé e súnmọ́ ojú kó tó kà á sókè.

“Atẹ́gùn lásán ni. Wọlé.”

Ẹ̀gbọ́n yára kúrò lára táǹkì tó fẹ̀yìn tì.

“Ta ló kọ èyí?” ìyàwó àbúrò bi wọ́n. Nínú òfin ìtọ́wò, ẹnikẹ́ni kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tí kì í sọ àsọdùn rárá, na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

“Èmi ni, ìyá. Ẹ má bínú. Ọsàn ni mo fẹ́ kọ. Mo wo páálí, mo rí ohun tí ọwọ́ mi kọ. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.”

Obìnrin náà yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Kò pariwo. Ó bu ọtí sínú kọ́ọ̀pù kan, ó gbé e kọjá lára gbogbo wọn, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

“Bọ̀dá mi, ẹ mu ún.”

“Ìyàwó, inú…”

“Ẹ mu ún. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún mi iye ìgbà tí ẹ tan àbẹ́là lọ́jọ́ yẹn.”

Ó mu ún. Ó ti múra sílẹ̀ fún àbẹ́là, fún èéfín, fún ohun tó burú ju èyí lọ. Búrẹ́dì ló bá pàdé, èèpo tó gbóná, àti ọsàn lẹ́yìn rẹ̀. Ọtí àbúrò rẹ̀ ni gẹ́lẹ́, irú èyí tí àbúrò máa ń bù fún un kó tó bù fún ẹnikẹ́ni, tí á máa wo ẹnu rẹ̀ bóyá yóò yìn ín. Kò sí ohun búburú kankan nínú rẹ̀. Ìyẹn ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ká ní ó korò ni, ì bá tún purọ́.

“Ẹ̀ẹ̀mejì,” ó wí. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tàn án, ẹ̀ẹ̀mejì ló kú. Mo ní kó wọlé. Ó bi mí, mo sì ní kó wọlé, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ọ̀la ni.”

Pẹ́ńsùlù Ahọ́n Ìlú já bọ́, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì, kò sì sí ẹni tó mú un. Ìyàwó àbúrò di etí tábìlì mú. Ó sunkún láìbo ojú, gbogbo wọn sì jókòó tì í, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dìde kúrò ní irú ibẹ̀.

Nígbà tó yá, Ahọ́n Ìlú gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀, bóyá kí ọwọ́ lè rí nǹkan ṣe. Ó mu díẹ̀. Ó tún mu. “Ó ti lọ,” ó wí. Àwọn yòókù tọ́ tiwọn wò. Òótọ́ ni. Búrẹ́dì àti ọsàn ló kù.

Ẹ̀gbọ́n náà gbé tirẹ̀ sẹ́nu. Àbẹ́là ló gbọ́, òwú gbígbóná àti ọ̀rá, ó kún ẹnu rẹ̀ títí dé ọ̀nà ọ̀fun. Ó fi omi ṣan ẹnu. Omi náà ń rùn bẹ́ẹ̀. Lálẹ́, ọbẹ̀ ń rùn bẹ́ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì eyín pàápàá. Ohun gbogbo ń rùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ títí di òní.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá àwọn agbófinró, ó ní kí wọ́n fa èyí tí wọ́n kọ lọ́dún tó kọjá ya, kí wọ́n kọ òmíràn. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Lọ́jọ́bọ̀, Ahọ́n Ìlú kọ ọ́ sójú-ìwé kẹfà pé ọtí náà dára, ó ní búrẹ́dì, ó ní ọsàn. Kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dá ọjọ́ ìtọ́wò mìíràn fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí àwọn apọntí máa sọ ọ́ fún òun nígbà tí ọtí bá ti wà nínú ìgò.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyàwó àbúrò ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n bá a nídìí táǹkì, obìnrin náà jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì tó dojú dé. Kò kí i. Wáyà tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú odindi páálí àbẹ́là kan.

“N kò tíì dárí jì yín,” ó wí. “N kò mọ̀ bóyá n ó dárí jì yín láéláé. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ọkọ mi kò ní kú, táǹkì sì gbọ́dọ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ ó máa tan àbẹ́là níbí.”

Ẹ̀gbọ́n tàn án, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Iná náà lọ sísàlẹ̀, ó kéré, ó di búlúù, ó lọ. Òórùn rẹ̀ gòkè wá, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kò lè mọ̀ bóyá láti inú táǹkì ni àbí láti ẹnu òun.

“Kí ló ṣe?”

“Ó kú.”

“Ẹ sọ ọ́ sókè.”

“Ó kú!” Ẹ̀gbọ́n kígbe. Táǹkì gba ohùn rẹ̀, ó sì dá a padà fún un.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ó padà jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì na àbẹ́là mìíràn sí i.