Àtàǹpàkò Tíṣà Adétóyìn

"Buɗe baki," Nàímátù wí lédè Haúsá. Jàmílàt la ẹnu. Nàímátù, tí yunifásítì rán wá yẹ ọ̀fun àwọn ọmọ wò, ki òwú orí igi bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ọmọ fẹ́ bì, itọ́ sì fà tẹ̀lé òwú jáde.

Adétóyìn, tíṣà kíláàsì, yíjú kúrò. Nǹkan àwọn ọmọ wọ̀nyí ń rí i lára dé egungun: ikun imú tó ń ṣàn dé ètè, ife kan ṣoṣo létí àmù tí ẹnu gbogbo wọn ń kàn. Omi tirẹ̀, inú ìgò ló ń gbé e wá láti ilé rẹ̀ ní Túngà.

"Jàmílàt yìí ló ń kó àrùn ọ̀fun ràn wọ́n," ó ní. "Ojoojúmọ́ lọ̀fun ń dùn ún. Mo ti ní kó máa dá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, kó máa fi híjáàbù bo ẹnu. Bí èsì àyẹ̀wò yìí bá jáde báyìí, ọ̀gá àgbà á ní kó má wá mọ́."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àǹtí. Ẹ̀yin náà ẹ la ẹnu."

"Èmi kẹ̀!" Ó fi ẹ̀gàn rẹ́rìn-ín, ó sì là á.

Lọ́sẹ̀ kejì, Adétóyìn ń máàkì ìwé níwájú àwọn ọmọ nígbà tí Nàímátù dé.

"Ọ̀fun Jàmílàt mọ́, òtútù lásán ló ń mú un. Àwọn kan nínú àwọn tó kù ló ń gbé kòkòrò àrùn náà kiri, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà wà lára wọn, àǹtí. Oògùn rẹ̀ wà."

"Irọ́ ni! N kì í bá wọn mumi!"

Ọwọ́ Adétóyìn ni Nàímátù ń wò. Tíṣà ti fi àtàǹpàkò kan ahọ́n, ó ti ṣí ìwé kan. Ó tún kan ahọ́n, ó fẹ́ ṣí ti Mùkáílà, èyí tí ọmọ náà sùn lé láàárọ̀, tí itọ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣí ìwé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù.

Adétóyìn náà wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó sáré jáde, ó bì sẹ́yìn kíláàsì títí omi kíkorò fi ń jáde. Nígbà tó padà, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Jàmílàt, padà sí ìjókòó rẹ."

Ọmọ náà kò ṣí híjáàbù lẹ́nu. "Àǹtí, kó má ràn yín o."

"Kò sí lára rẹ." Ó ká àtàǹpàkò mọ́nú àtẹ́lẹwọ́. "Ara mi ló wà. Lọ fọwọ́, kí o wá máa bá mi ṣí ìwé."