Pẹ́ńsù Tó Mu Òróró

Tíṣà Jàmíù gbé ìwé ìdáhùn náà sókè sójú fèrèsé, oòrùn sì gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí ìwé níbẹ̀ rárá. Rẹ̀míláyọ̀ rí mọ́tò tó ń kọjá lójú títì Addo láti inú ìwé yẹn. Ká ní ó fẹjú sí i díẹ̀ ni, ì bá rí òkun, ì bá rí ọkọ̀ ojú omi, ì bá rí òyìnbó tó ń wa ọkọ̀ náà àti búrẹ́dì tó ń jẹ.

"Ẹ wò ó fúnra yín, mà," ni tíṣà wí. "Ìwé tí wọ́n fi di àkàrà gbẹ ju èyí lọ. Ẹ̀rọ tó ń máàkì ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Òdo ló fún un."

Òdo nínú ìṣirò, fún Ìyanu ọmọ Rẹ̀míláyọ̀. Ọmọ tó ti máa ń mọ iye irun tó wà lórí oníbàárà kí ìyá rẹ̀ tó rí kóòmù.

Ìdánwò ìgbaradì ni èyí o, tí wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀kì. Ojúlówó rẹ̀, Júníọ̀ WAEC, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí Ìyanu bá tún gba òdo níbẹ̀, kò ní í wọ SS1. Á tún JSS3 ṣe, òun àti Fikáyọ̀ àbúrò rẹ̀ á sì jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Fikáyọ̀ ti gbọ́. Ó ti fi ṣe orin, ó ń kọ ọ́ káàkiri àdúgbò.

Tíṣà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà. Ìyanu wolẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ wòkè, ó tẹjú mọ́ fáànù bí ẹni pé ìròyìn ni wọ́n ń kà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ọ̀hún ò yí.

Òun ló mọ̀ ọ́n. Kí mọ́ọ̀kì tó bẹ̀rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìjọ aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn Addo, gbogbo ìyá tó lọ́mọ ní JSS3 ló gbé pẹ́ńsù wá síwájú pẹpẹ. Wòlíì Lóṣèyí gbàdúrà, ó lu agogo, ó dá pẹ́ńsù padà fún oníkálùkù. Ọ̀rọ̀ parí fáwọn tó kù. Ṣùgbọ́n onídìrí ni Rẹ̀míláyọ̀, láti ìgbà tó sì ti ń dirun, kò tíì rí orí gbígbẹ tó gba ìdì. Òróró ló máa ń kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ó tún fẹ́ kí ti ọmọ tirẹ̀ le ju ti ọmọ ẹlòmíì lọ. Ló bá ti pẹ́ńsù bọ inú ìgò òróró àdúrà, ó dé e pa, ó fi sílẹ̀ títí di àárọ̀ ìdánwò. Pẹ́ńsù mu, ó mu, ó yó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gùfẹ̀. Ká ní wọ́n ṣáná sí i ni, ì bá jó títí di Kérésì.

"Èmi ni, sà," ló wí níkẹyìn, ó sì rò ó bó ṣe rí.

Tíṣà Jàmíù fọwọ́ bo ẹnu. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fi ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ẹ̀rín ti gbá a mú, ó di tábìlì mú kó má baà ṣubú.

"Ẹ má bínú, màmá. Mùsùlùmí ni mí, mi ò lè bá yín jiyàn lórí òróró. Ẹ ṣáà jẹ́ kí pẹ́ńsù ọmọ yìí gbẹ."

Bí wọ́n ṣe jáde ni Ìyanu sọ̀rọ̀. "Mo sọ fún yín, Mọ́mì. Mo ní ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ ní ẹ̀mí ló ń gbé e."

Rẹ̀míláyọ̀ mú un wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Ó ra pẹ́ńsù tuntun, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Pẹ́ńsù gbẹrẹfu lásán, sínú ayé tí ọ̀tá pọ̀ ju yanrìn etí òkun lọ? Lọ́jọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lakowe, níbi tí Wòlíì Lóṣèyí ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, wòlíì ni. Láàárín ọ̀sẹ̀, káfíńtà ni, orí òrùlé ló máa ń wà ní sáìtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀sítéètì olówó, pẹ́ńsù á wà létí rẹ̀.

Rẹ̀míláyọ̀ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá àdúrà líle fún òun, èyí tí kì í bàwé jẹ́. Wòlíì sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó jókòó sórí pákó, ó rẹ́rìn-ín títí àwọn lébìrà tó wá láti Ìkirè fi dá sìmẹ́ǹtì pípò dúró.

"Màmá Ìyanu, pẹ́ńsù ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó bá da òróró sí tèmi yìí, òòlù ni n ó fi lé e dé Ẹ̀pẹ́."

Ó gba pẹ́ńsù tuntun náà, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ títí ẹnu rẹ̀ fi mú tó èyí tó lè fọ́ ẹ̀fọn lójú. Ó wá bi í léèrè, ohùn rẹ̀ rọ̀: "Nígbà tí ẹ ti pẹ́ńsù bọ òróró, ọkàn ta ló balẹ̀?"

Rẹ̀míláyọ̀ ronú. "Tèmi ni."

"Ẹ lọ dà á sórí ara yín nígbà náà. Ọmọ yẹn ò gbọ̀n. Ẹ̀yin lẹ ń gbọ̀n."

Ó gbọ́ràn. Láàárọ̀ ọjọ́ Júníọ̀ WAEC, Rẹ̀míláyọ̀ dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé pẹ̀lú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, gbogbo òróró inú ìgò sì ti wà lórí rẹ̀. Ó ń dán débi pé àwọn onímárúwá ń fọwọ́ bojú kọjá. Eṣinṣin tó bà lé e yọ̀ ṣubú. Bàálù tó ń lọ lókè fẹ́ balẹ̀, ó rò pé pápákọ̀ òfuurufú ni.

Ìyanu la apá, ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

"Má fọwọ́ kàn mí," ló wí, omijé sì ń bọ̀ lójú rẹ̀. "Ìwé rẹ, ọmọ mi. Máa lọ. Máa lọ ní gbígbẹ."

Nígbà tí èsì jáde, Tíṣà Jàmíù ló pe Rẹ̀míláyọ̀. Ariwo tí ìyá náà pa lórí fóònù, wọ́n gbọ́ ọ dé Oniru láìlo fóònù. Ìyanu gba A nínú ìṣirò. Fikáyọ̀ dákẹ́ orin lójijì, wọ́n rò pé ara rẹ̀ ò yá.

Lọ́jọ́ Àìkú, Rẹ̀míláyọ̀ bọ́ síwájú láti jẹ́rìí. Ó ti to ẹ̀rí náà dáadáa látilé, iná wà níbẹ̀, áńgẹ́lì wà níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn ìyá tọ́mọ wọn máa ṣe ìdánwò lọ́dún tó ń bọ̀. Ìgò òróró wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti ṣí i sílẹ̀, wọ́n kàn ń dúró kó sọ bó ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Áńgẹ́lì fò lọ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ gbàdúrà lé pẹ́ńsù ọmọ yín lórí," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gbẹ. Èmi ni mo fún ọmọ mi ní òdo àkọ́kọ́."

Àwọn ìyá náà wo ìgò ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dé ìgò padà, kọ́, kọ́, kọ́, láti ìjókòó iwájú títí dé ẹ̀yìn. Wòlíì Lóṣèyí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, pẹ́ńsù tó gbàgbé sétí já bọ́ sílẹ̀, ni gbogbo ìjọ bá bú sórin.

Lọ́jọ́ náà, ara Rẹ̀míláyọ̀ gbẹ. Ìyanu sáré jáde láàárín àwọn akọrin, ó wá dì mọ́ ọn.