Kòkòrò Tí Àlàájì Purọ́ Mọ́

Àlàájì Abdulganiyy kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ wó ilé bàbá wọn, kí òun lè ta ilẹ̀ rẹ̀. Ta ni yóò gbà fún un? Kòkòrò ló purọ́ mọ́. Ajá tí a bá fẹ́ pa, orúkọ burúkú là ń sọ ọ́.

Ilé náà wà ní Ìgàndò, ilé alámọ̀ tí bàbá wọn kọ́ kí Nàìjíríà tó gbòmìnira, tó fi ìrókò ṣe igi àjà rẹ̀. Sìdíkátù, àbúrò Àlàájì, ló ń dá gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bí wọ́n bá wó o, kò níbi tí yóò forí lé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ẹ̀gbẹ́dá, kí ló kàn án?

Ní ìpàdé ẹbí tí wọ́n ṣe nínú ilé náà lọ́dún 2009, Àlàájì gúnwà sórí awọ àgbò tí bàbá wọn fi ń kírun nígbà ayé rẹ̀. Awọ yìí ni wọ́n fi ń mọ olórí ẹbí. Àlàájì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, áńbọ̀sì kí wọ́n sá a sóòrùn. Ó mú ọkùnrin kan dání, Olúsànyà, tó pè ní ẹnjiníà kòkòrò. Ẹnjiníà de táì nínú ooru, ó ṣa kòkòrò dúdú kékeré kan nílẹ̀, ó fi gíláàsì wò ó.

"Wood borer nìyí," ó ní. "Wọ́n ti jẹ igi àjà yín tán. Ilé yìí máa wó."

Àwọn àgbà mirí. Inú bí Sìdíkátù. Ogún ọdún ló ti ń ta pọ̀nmọ́ gbígbẹ ní Ṣáṣá, onítáì kan wá fẹ́ kọ́ ọ ní kòkòrò!

"Ọ̀gá, èyí tó ń jẹ igi, ṣé kì í da eruku sílẹ̀ bí èlùbọ́ ni? Ẹ fi eruku ọ̀hún hàn mí, jàre."

Olúsànyà wòkè, ó wolẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

"Irú èyí ni mò ń gbọ̀n kúrò lára ọjà mi lójoojúmọ́. Kì í jẹ igi. Awọ ló ń jẹ."

Bó ti sọ ọ́ tán ló rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ó sì dùn ún. Ẹ̀gbẹ́ awọ yẹn ló ti kọ́ Fátíhà lẹ́nu bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Má fọwọ́ kàn án!"

"Gàníyù, dìde!" Ìyá Àdíját ló sọ̀rọ̀, àbúrò bàbá wọn, tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù.

Àlàájì dìde. Sìdíkátù yí awọ padà, irun rẹ̀ sì re wálẹ̀ wìtìwìtì. Kòkòrò dúdú àti ìdin onírun kún abẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà ti ń ki gíláàsì rẹ̀ bọ àpò.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," Ìyá Àdíját ní. "Ẹ sun awọ yìí. Ilé ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ má sun ún o!" Àlàájì figbe ta. "Ẹ ṣáà wó ilé yìí, màá gbé awọ mi lọ!"

Gbogbo wọn wò ó. Òun náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu òun jáde, ó sì pẹ́ jù láti gbé e mì.

Sìdíkátù fúnra rẹ̀ ló ṣáná sí awọ náà lẹ́yìnkùlé, ó ń sunkún. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Ìyá Àdíját ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ wíwó ilé mọ́. Gbogbo ẹbí jókòó sórí ẹní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lákọ̀tun. Àlàájì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹni tí yóò sún fún un. Kò sẹ́ni tó sún.