Ṣọ́ọ̀kì Télọ̀ Lára Ẹ́ńjìnnì

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ ìyá télọ̀ ní ọsibítù, nítorí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn ò rí ti ọjọ́ Ajé ṣe torí pé ọkọ̀ bàjẹ́, ẹsẹ̀ màmá sì ti wú bí ìrọ̀rí. Dókítà ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tún pàdánù tòní.

Agogo méjì ti lù, ọkọ̀ ṣì lanu sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Télọ̀ ń fúnra rẹ̀ pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìnì, èyí tó ń mú kí òkè ẹ́ńjìnnì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọ máa yí. Bí eyín bẹ́líìtì kan péré bá yẹ̀, irin á máa gbá irin. Kó má bàa ṣì í ló ṣe fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń gé ṣòkòtò sàmì sára jíà méjèèjì tí bẹ́líìtì ń yí ká kó tó tú u. Àmọ́ aṣọ ni ṣọ́ọ̀kì mọ̀, kò mọ ọ́ìlì. Nígbà tó máa fi bẹ́líìtì tuntun sí i, àmì ti lọ ráúráú. Ó bá fojú wọ̀n ọ́n, bó ṣe ń fojú wọn ìbàdí oníbàárà.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, mẹkáníìkì gidi, pè é lórí fóònù. "Télọ̀ mẹkáníìkì! Ṣé o ti ran ẹ́ńjìnnì náà tán? Fi sípánà yí i lẹ́ẹ̀mejì kó o tó ṣáná sí i o. Tó bá kọ́, má fipá mú un."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́."

Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, nǹkan kan kọ́ sípánà, jẹ́jẹ́, bí eyín tó ṣèèṣì gé ṣíbí jẹ. Télọ̀ dúró. Bí aṣọ bá kọ̀ tí kò bára mu, ṣe la máa ń rọra fà á. Ó rọra fà á. Ó kọjá.

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ n sáré wá takisí," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Takisí kẹ̀? Ọkọ̀ wà nílẹ̀!"

Màmá ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. "Ọmọ mi, ṣé ó ti dáa?"

"Ó ti dáa, Màámi." Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, inú rẹ̀ ò bá a sọ ọ́.

Télọ̀ ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Wọ́n kọjá ilé epo, wọ́n kọjá ilé ìwé. Etí ni ìyàwó rẹ̀ fi ń wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ní àárín òkè, níbi tí kò sí ilé lápá ọ̀tún, tí kò sí lápá òsì, irin dún gbà! Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Télọ̀ fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì.

Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí agogo mẹ́ta lù. Ìyàwó rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí títì tó ṣófo. Lẹ́yìn ọkọ̀, màmá ń mí bí ẹni tó gbé omi gun àkàsọ̀. Kò lajú.

"Ṣé a ti dé ni?"

Télọ̀ ò lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.