Julius Tó Ta Ọkọ̀

Ojú Hameedah àti ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe mẹ́rin lórí pósí Alhaji Làtíìfù, níwájú mọ́sáláṣí, níbi tí èrò ti kún dé títì. Lèmọ́mù ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀ foríjì í.

"A ti foríjì í o!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìkan ni kò la ẹnu. Ó ga, ó dúdú, ó rẹwà bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ yà. Lọ́jọ́ mìíràn, àyà Hameedah, ọmọ-ọmọ olóògbé, ì bá já pà. Lónìí, ọkàn rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Kò tíì sunkún láti àná tí wọ́n ti pè é kúrò lẹ́nu shift.

Ọmọkùnrin náà tọ̀ ọ́ wá. "Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Asher ni mo ń jẹ́. Julius ni grandpa mi."

"Julius tó ta ọkọ̀?"

"Ah-ah! Orúkọ tí ẹ ṣì ń pè wọ́n nìyẹn?"

"Bí mo ṣe bá a nílé nìyẹn."

Nígbà tí àwọn àgbà méjèèjì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1958, wọ́n jọ ra ọkọ̀ pupa kékeré kan tí kò ní òrùlé. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á gbé e lọ sí pápá bàlúù tí àwọn ológun ti pa tì, níbi tí dókítà, akọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi mọ́tò bá ara wọn sáré nítorí ìfẹ́ lásán. Làtíìfù ń wà á, Julius ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Làtíìfù wálé wá sìnkú bàbá rẹ̀. Kó tó padà, Julius ti ta ọkọ̀. Láti ìgbà náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì padà wá gbé North Peckham, ní Ìlú Ọba níbí, wọ́n jọ ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà lọ sí àdúgbò Elephant.

"Ṣé wọn ò foríji Bàbá ni?" Hameedah bèèrè.

"Alhaji ò ṣẹ̀ wọ́n. Àwọn gan-an ló ṣẹ Alhaji. Wọ́n ní kí n bi yín, ṣé Alhaji foríji àwọn kí wọ́n tó lọ? Grandpa wà nínú mọ́tò níbẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́."

Lẹ́tà kan wà nínú báàgì Hameedah. Nínú Ramadan ni Bàbá ti fún un. "Mo ti dárí ji Julius. Fi lé e lọ́wọ́. Má jù ú sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ o." Hameedah ní ó di lọ́la. Shift dé, ọ̀la di ọ̀tunla. Nígbà tí Bàbá bi í, ó ní òun ti fún Julius. Bàbá wá gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó ń retí kó dún. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí títí ó fi kú.

Hameedah lọ kan gíláàsì mọ́tò Julius. Bàbá arúgbó náà yí i sílẹ̀.

"Bàbá, Alhaji ti foríjì yín tipẹ́. Èmi ni mi ò jíṣẹ́."

Julius bèèrè pé, "Ó ń retí mi, àbí?"

"Wọ́n ń retí yín, sà."

Hameedah kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó tutù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà sí i, Julius sì gbà á.